Olùdarí Àkọlé Agboolé Orí Ìkúùkù

Ọkùnrin tí kò bá rí ẹni kí i níbi iṣẹ́, bó bá rí àga òfìfo lẹ́bàá ọ̀nà, yóò jókòó sí i, yóò tún agbádá gbé sí èjìká, yóò sì máa retí kí àwọn tó ń kọjá dọ̀bálẹ̀. Fọlárìn ará Isikan ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe igbákejì akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ. Òun ló ń kí gbogbo ayé níbẹ̀, imú ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kánjú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe já bọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó gùn.

Lọ́dún tí wọ́n yí owó padà, tí owó àtijọ́ kò ná mọ́, tí ojú kò sì rí tuntun, tí epo bẹntiróòlù tún wá fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ, ìyá àgbà kan wà ní ìlú Oǹdó tó ń jẹ́ Màmá Moríyọ̀. Ebi ń pa èèyàn, inú ń bí èèyàn, iná kò sí. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn sínú fóònù, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Ìtàn Agboolé Orí Ìkúùkù ni. Ìjì kan gbé odidi agboolé, tòun ti iṣu inú àká, tòun ti kànga àti òbúkọ, ó lọ gbé e kalẹ̀ sórí ìkúùkù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń jà nítorí ẹran, tí wọ́n ń ta ilá gbígbẹ fún àwọn ará ìràwọ̀. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fún bíi wákàtí kan, wọ́n gbàgbé iye tí wọ́n ń ta gààrí.

Ìyàwó tó kéré jù lọ nínú agboolé náà ló ń sọ ìtàn ọ̀hún láti ẹnu Màmá. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹnì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la. Ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún un. Àbúrò ọkọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ìkòkò ń jẹ́ Ṣíbí-Ò-Gbófo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin, tí wọ́n ń gbọ́ ìrìn rẹ̀ ní ìkúùkù kẹta, ń jẹ́ Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀. Òbúkọ pàápàá, nítorí pé ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ń jẹ́ Olóyè Onírùngbọ̀n.

Ọmọ yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, Adékúnlé, ló ṣí wíkì fún ìtàn yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojúlé tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn ìtàn náà lè kọ àyọkà sí. Ará Orí Ìkúùkù kọ̀ọ̀kan ní àyọkà tirẹ̀, àyọkà kọ̀ọ̀kan sì ní àkọlé lórí. Ẹni tó ń kọ ọ́ jù ni Yéwándé, aránṣọ ní Ọjà Ọba. Kò rí aṣọ tuntun rán mọ́ lásìkò náà, aṣọ àtijọ́ ni gbogbo ayé ń gbé wá pé kó bá àwọn yí inú rẹ̀ síta. Bó bá ti ń tẹ ẹ̀rọ lọ, á máa gbọ́ ìtàn. Bó bá sinmi, á kọ ọ́. Nígbà tí Adékúnlé wá rí ìwé ìrìnnà gbà, tó ń lọ sí Kánádà, ó béèrè nínú ẹgbẹ́ wọn lórí Wásáàpù pé ta ló lè máa bá òun tọ́jú ibẹ̀. Gbogbo wọn ní ọwọ́ àwọn dí. Fọlárìn nìkan ló jókòó sí ọ́fíìsì tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í dí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ wíkì.

Bó ṣe gba kọ́kọ́rọ́ tán ni ọrùn rẹ̀ gùn sí i.

Alámòójútó ni Adékúnlé pè é. Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú Fọlárìn. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó wò ó, ó fà á ya. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti di Olùdarí Àgbà Pátápátá, Orísun Gbogbo Àkọlé, Ojú Tí Í Ṣọ́ Ìkúùkù. Ó sì ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ béèrè ohunkóhun nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ kí òun ná.

Ràhímù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀yà fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù Yéwándé, ló mọ̀ ọ́n kí jù. Ó ti tọ́jú ìkíni náà pa mọ́ sínú fóònù, ìka kan péré ló fi ń tẹ̀ ẹ́ síta.

“Olùdarí Àgbà Pátápátá, Orísun Gbogbo Àkọlé, Ojú Tí Í Ṣọ́ Ìkúùkù, ẹ káàárọ̀ o. Torí pé ẹ jí ni ilẹ̀ fi mọ́.”

“A gbọ́, Ràhímù. Kí ni ẹ̀bẹ̀ rẹ?”

“Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan, ọ̀gá. Mo ní kí n kí yín kí dátà mi tó tán ni.”

Fọlárìn á ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, á gbé e lọ fi han Bọ́látitó, ìyàwó rẹ̀. Bọ́látitó á ní, “Wọ́n mà ń yẹ́ yín sí o,” á sì máa rẹ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn tí ìròyìn fi dé pé ilé ìtẹ̀wé kan fẹ́ tẹ ìtàn Màmá jáde, àti pé inú wíkì ni wọ́n ti máa kó orúkọ gbogbo ará Orí Ìkúùkù sẹ́yìn ìwé. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu Fọlárìn mọ́. Ó ti rí i lójú inú, lára èèpo ìwé, lábẹ́ orúkọ Màmá: “Fọlárìn, Olùdarí Àgbà Pátápátá, ló fàṣẹ sí gbogbo orúkọ inú ìwé yìí.” Àwọn òǹtẹ̀wé ní àwọn kò kọ̀, bí Màmá bá ti lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Ẹnu Màmá yìí ló kù.

Ṣùgbọ́n àṣẹ wo lèèyàn gidi fẹ́ fi sí Ṣíbí-Ò-Gbófo? Orúkọ náà ń ti Fọlárìn lójú, ó ń rùn bí ilé ìdáná. Ó jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó tẹ òfin tuntun sínú ẹgbẹ́: “Láti òní lọ, kò sí àkọlé tí yóò jẹ́ orúkọ ìnagijẹ mọ́. Orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìkómọ nìkan ni. Kò sì sí ọ̀rọ̀ tí yóò wọ wíkì wa láìsí ẹ̀rí tí a tẹ̀ sórí ìwé!” Bó ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́, Bọ́látitó ń bá àbúrò Fọlárìn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀: “Adúmáadán, ọkọ mi, ṣé ẹ ti jẹun?” Ọdún méjìdínlógún ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù ni Fọlárìn ṣe ń gbọ́ ọ.

Ó kù kí ẹ̀rí yọjú, ẹ̀rí náà sì wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ooru mú, iná kò sí, Bọ́látitó ń fi ìwé pẹlẹbẹ kan fẹ́ ara. Fọlárìn wò ó dáadáa, ó já a gbà.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Ìwé ìsìnkú ọkọ Màmá Moríyọ̀ ni. Bọ̀dá mi ló lọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí, òun ló mú un bọ̀ pẹ̀lú ike. Ẹ fún mi padà, ooru ń pa mí.”

Kò fún un padà. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, wọ́n to gbogbo ẹbí olóògbé sí, láti orí àgbà dé orí ìkókó, tàbúrò tẹ̀gbọ́n, orúkọ àbísọ pọ́ńbélé. Ọkàn Fọlárìn fò. Nínú ìtàn, baálé ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, Ṣíbí-Ò-Gbófo. Nínú ìwé ìsìnkú, olóògbé ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, Akíntóyè. Ṣé ẹnì kan tún ń wá òye lọ sí ibòmíràn? Ọjọ́ mẹ́ta ló fi to wọn, ẹni mẹ́tàdínláàádọ́rin. Òbúkọ nìkan ni kò rí nínú ìwé ìsìnkú. Ó yí àkọlé tirẹ̀ padà sí “Òbúkọ (Ẹ̀rí Ń Bọ̀ Lọ́nà)”.

Èèyàn mìíràn ì bá yí àkọlé náà padà, kó sùn. Fọlárìn ní rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ kó wọn jáde. Ó yá kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Isikan, ó tẹ́ tábìlì, ó gbé iyọ̀, oyin àti orógbó kalẹ̀. Ayé le, nítorí náà ìdérí ìgò kan péré ni oyin, orógbó sì jẹ́ ẹyọ kan tí ó kìlọ̀ pé kí wọ́n máa wò, kí ẹnikẹ́ni má gé e jẹ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi méjìlélógún jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, eékún wọn kan àgbọ̀n. Bó bá ti pe orúkọ kan, òun fúnra rẹ̀ á fi ìka tọ́ iyọ̀ lá nípò ẹni orí ìkúùkù tí kò lè wá. Kó tó dé orúkọ ogún, ètè rẹ̀ ti bó.

Ibẹ̀ ni Yéwándé ti dìde.

“Ọ̀gá, mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

“Ìkíni rẹ kò pé.”

“Yóò pé lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ló ń sọ ìtàn yìí. Bí ẹ bá fi orúkọ àbísọ sí i, ta ló wá ń sọ ọ́? Ẹ sì tún lọ kó orúkọ ẹni ẹlẹ́ni nínú ìwé ìsìnkú. Àwọn tó ni orúkọ yẹn kò tíì kú tán o!”

Fọlárìn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ọ̀gá tirẹ̀ máa ń fi rín in ní ọ́fíìsì. “Ìyá aránṣọ, ìmọ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́ òun òwú. Nínú ìmọ̀, ẹ̀rí ni ọba.”

“Ẹ̀rí ni ọba!” Ràhímù kígbe láti ẹ̀yìn, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n máa pín orógbó yẹn tó bá yá.

Fọlárìn lé Yéwándé kúrò lórí wíkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ẹni tó bá wá Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ lórí wíkì kò rí nǹkan kan. Ẹni tó wá Ṣíbí-Ò-Gbófo, ilẹ̀kùn ló bá ní títì, dátà rẹ̀ sì ti lọ. Àwọn èèyàn ń bínú kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọlárìn ní àwọn òpè ló ń gbọn ara wọn nù.

Màmá Moríyọ̀ ní tirẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Kì í wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti sọ ìtàn sínú fóònù tán, ó di kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é pé àwọn ará wíkì fẹ́ wá gba ìyọ̀ǹda, ó ní, “Kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé. Kí wọ́n mú aránṣọ tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sọ yẹn dání o, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi yé e.” Bí Fọlárìn ṣe dárí ji Yéwándé nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́tà olójú ewé méjì.

Àwọn mẹ́ta, Fọlárìn, Yéwándé àti Ràhímù, ló wọ mọ́tò èrò láti Àkúrẹ́. Láti Ọ̀wẹnà ni Fọlárìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sókè. Nígbà tí wọ́n dé Bọ́lọ́rundúró, awakọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Bàbá, ṣé pásítọ̀ ni yín?”

“Olùdarí Àgbà Pátápátá ni mí.”

“Ti ibo, sà?”

“Ti Orí Ìkúùkù.”

Awakọ̀ wo Ràhímù nínú dígí, Ràhímù wo ìta. Awakọ̀ fi kún eré rẹ̀.

Ní yàrá àlejò Màmá, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga gbọọrọ, abọ́ ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja níwájú rẹ̀, ó dojú kọ ọ́ bí ẹni ń ṣiṣẹ́ òṣù. Màmá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu omi fún un, ó sì yíjú sí àwọn àlejò.

“Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kí ọkọ mi.”

Ẹ gbọ́ o. Ta ni ìyàwó ilé ń pè ní ọkọ mi? Gbogbo ará ilé ọkọ ni, àgbà wọn ni o, èwe wọn ni o. Akíntóyè ló jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń jẹ ẹja, àbúrò olóògbé, olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹnu Màmá kò lè pe orúkọ náà, kò sì pè é. Ọlọ́gbọ́n wa ronú ní tirẹ̀ pé: “Ìwé ìsìnkú ní ọkọ rẹ̀ ti kú. Á jẹ́ pé ìyá yìí ti tún ọkọ fẹ́. Kò sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí mi!”

Ó ti yé Yéwándé. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì fa agbádá Fọlárìn láti ìsàlẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ má ka àkọlé o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n ní—”

“Má fà mí láṣọ níwájú ayé!”

Ayé ń wò ó lóòótọ́. Ràhímù ti gbé fóònù sókè, ó kù díẹ̀ kí àwọn tó ń gbọ́ láti inú ẹgbẹ́ tó irínwó, Adékúnlé ní Kánádà wà lára wọn. Fọlárìn wú.

“Màmá wa ọ̀wọ́n, ìyá ìràwọ̀, kànga ọgbọ́n tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn! Ní orúkọ ipò tí mo dì mú, àti ní orúkọ àwọn ipò tí n óò dì mú lọ́jọ́ iwájú, mo mú àwọn ọmọ yín wá fún yín, mo ti fọ̀ wọ́n mọ́, mo ti wọ̀ wọ́n láṣọ. Bí mo bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn ní, ‘Mo gbà.’ Àkọlé kìíní! Akíntóyè!”

Bàbá gbé orí sókè nínú ẹja. Màmá fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé òun ló sọ ọ́.

“Akíntóyè,” Fọlárìn ń kà lọ, ohùn rẹ̀ ń ró, “ẹni tí àwọn òpè ń pè ní Ṣíbí-Ò-Gbófo, ni àbúrò baálé. Wọ̀bìà paraku ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá àgbà agboolé, òun ló yọ́ wọ ilé ìdáná, tó jẹ ahọ́n màlúù tán kí àlejò tó dé, tó sì ní ológbò ni. Wọ́n na ológbò náà.”

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ta ni ẹ ní ó jẹ ahọ́n?”

“Akíntóyè ni, bàbá. Ẹ má mikàn, ẹ̀rí wà.” Fọlárìn na ìwé ìsìnkú sí i, ó fi ìka lé orúkọ náà kí ó má baà ṣì í.

Bàbá wo fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo orúkọ. “Èmi nìyí,” ó ní.

Ká tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ wo Màmá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí gbogbo ẹbí yẹn ti fura sí ẹni tó jẹ ahọ́n, kò sì sí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Bí olórí ẹbí bá ní òun kò fẹ́ ìtàn yìí nínú ilé òun mọ́, ìtàn parí, ìwé parí, ojú Màmá sì wọlẹ̀ níwájú àwọn tí ó ń pè ní ọkọ.

“Ìyàwó wa,” bàbá pè é, “ṣé èmi lò ń sọ kiri ayé?”

Màmá kúnlẹ̀, tòun ti eékún tó ń dùn ún. “Ọkọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu mi rí?”

“N kò gbọ́ ọ rí.”

“Nínú ìjà ńkọ́?”

“Nínú ìjà pàápàá, n kò gbọ́ ọ.”

“Ṣíbí-Ò-Gbófo lèmi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orí ìkúùkù ló ń gbé. Ẹni tó bá ní ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí Oǹdó, òun ni kẹ́ ẹ bi.”

Bàbá ronú díẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da aṣọ padà bò. Ó yíjú sí Fọlárìn, ó na ìwé ìsìnkú sí i. “Ó dáa. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ ẹ̀rí, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé èmi ló jẹ ahọ́n.”

Fọlárìn ṣí i. Ó rí orin ìsìn. Ó rí ẹ̀kọ́ kíkà kìíní. Ó rí fọ́tò olóògbé níbi tó ti ń gé àkàrà òyìnbó. Kò rí ahọ́n. Òógùn bọ́ sórí ìwé náà.

Ràhímù, tó di fóònù mú, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ sókè. Ọ̀wọ̀ kò kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Olùdarí Àgbà Pátápátá, Orísun Gbogbo Àkọlé, wọ́n ní ẹ̀rí dà. Olùdarí Àgbà, àwọn yìí náà ní ẹ̀rí dà. Olùdarí, wọ́n pọ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, Adékúnlé ní òun ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, ó ti wà lọ́wọ́ Yéwándé.”

Fọlárìn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọ̀ mọ́ ohun tó kù. “Màmá, èèpo ìwé ńkọ́?”

“Èèpo wo, Fọlárìn?”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pè é, láìsí ọ̀gá, láìsí ọ̀gbẹ́ni, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán ní iyọ̀. Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu nínú yàrá náà àfi òun.

Bàbá ní àlejò náà kò ní kúrò nílé òun títí tí gbogbo ará ilé yóò fi gba orúkọ wọn padà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yéwándé fún un ní fóònù tirẹ̀, ó ní kó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú fóònù náà kéré, ìka Fọlárìn tóbi. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ padà sípò rẹ̀. Olóyè Onírùngbọ̀n padà. Ràhímù lọ bá wọn gé ilá lẹ́yìnkùlé. Irú àti ata ti ń ta sánsán nílé ìdáná, kò sì sí ẹni tó pe Fọlárìn sí oúnjẹ.

Nígbà tó dé orí Ṣíbí-Ò-Gbófo, bàbá fa àga gbọọrọ súnmọ́ ọn.

“Kà á fún mi bó ṣe wà báyìí.”

Fọlárìn kà á, ṣíbí, ahọ́n, ológbò. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Irú èèyàn wo nìyí! Wọ̀bìà burúkú! Orí ìkúùkù ló yẹ kó wà lóòótọ́.” Lẹ́yìn náà, ó bojú wo ẹ̀yìn bóyá Màmá ń gbọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ahọ́n nìkan kọ́ o. Fi ẹ̀dọ̀ kún un. Kì í sì ṣe ológbò ló kọ́kọ́ fẹ́ purọ́ mọ́, ajá ni. Ajá yẹn kò sí nílé lọ́jọ́ náà ni.”

Fọlárìn la ẹnu láti béèrè ẹ̀rí. Bàbá ń wò ó. Ó pa ẹnu dé, ó tẹ̀rí ba, ó sì tẹ ẹ̀dọ̀ sí i.